A Jàre, A Kò Jèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, a sì ń pa á bí ẹni pé kóòtù nìkan ni ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni a ti rí tí wọn kò fẹsẹ̀ kan kóòtù rí, tí àgbà ilé parí ìjà wọn, tí wọ́n jọ jẹ obì, tí wọ́n jọ mu omi, tí wọn kò sì tún ṣọ̀rẹ́ mọ́ títí ọjọ́ alẹ́? Mo fẹ́ bi yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: kí ni ó fà á?

Ìdáhùn tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. A mọ bí a ti ń jà, a mọ bí a ti ń làjà, ṣùgbọ́n a kò mọ bí a ti ń kọ́gbọ́n lára ìjà. Ẹni tí ó bá jáde nínú ìjà gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ inú rẹ̀, olúwarẹ̀ ti pàdánù, ìbáà ṣe òun ni ó jàre. Kí ẹ má baà rò pé inú ìwé nìkan ni mo ti rí èyí, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Ní ọdún 2009 mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe ọmọ Ọ̀kà. N kò ní dárúkọ rẹ̀; Ará Ọ̀kà ni n óò máa pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àkókó mọ̀ pé bí a bá gbéra ní Ìkàrẹ́, Àkùngbá ni a ó kọ́kọ́ kàn kí a tó yà sí apá Ọ̀kà, kí ọ̀nà sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Kò jìnnà rárá. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, èmi a lọ jẹ iyán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìwárò. Bí ó bá di ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́, òun a yà sí ilé wa. Ìyá rẹ̀ kì í pè mí ní àlejò. 'Ọmọ mi ará Ìkàrẹ́' ni ó máa ń pè mí, iyán tèmi a sì máa tóbi ju ti ọmọ rẹ̀ lọ.

Àwa olùkọ́ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kékeré kan, èmi sì ni akápò. Ní ìpàdé ìparí ọdún náà, mo ka ìṣirò owó tán, mo gbé èyí tí ó kù kalẹ̀ sórí tábìlì. Ará Ọ̀kà na ọwọ́ sókè, ó ní, 'Ẹ jẹ́ kí a kà á.'

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára ni. Mo dìde dúró, mo ní, 'Ṣé olè ni mí?' Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo ní ó pè mí. Mo bú u, mo bú ìlú rẹ̀ mọ́ ọn. Inú bí òun náà. Ó ní àwa ará Ìkàrẹ́ tí a kò tí ì parí ìjà lórí ẹni tí í ṣe olórí wa, àwa ni ó ń bínú nítorí pé a fẹ́ ka owó. Èmi náà kò gbà. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ tún ilé ti Ọ̀kà ṣe ná. Ọ̀rọ̀ owó ti parẹ́ pátápátá. Ìlú méjì ni ó ń jà nínú yàrá àwọn olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rán wa níṣẹ́ nínú ìlú méjèèjì.

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa dá wa lẹ́kun. Wọ́n ka owó náà, ó pé géérégé, kọ́bọ̀ kan kò dín. Wọ́n dá Ará Ọ̀kà lẹ́bi, wọ́n ní kí ó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ pé mo ti dárí jì í. Mo sọ ọ́. A pín obì, a jẹ ẹ́, ẹnìkan tilẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ kí a lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo jàre. Tèwe-tàgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó mọ̀ pé mo jàre. Ọdún méje gbáko ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2013 ìyá rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo wọ aṣọ mi, mo wọ mọ́tò dé Àkùngbá, níbẹ̀ ni mo sì ti sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró ní oríta, mo ń wo àwọn ọkọ̀ èrò ìsìnkú bí wọ́n ti ń yà sí ọ̀nà Ọ̀kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tí ó ṣẹ̀ mí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá bá mi. Mo wọ mọ́tò mìíràn, mo padà sílé. Obìnrin tí ó ń gún iyán fún mi ni wọ́n sin ní ọjọ́ náà, n kò sì da ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èrè tí mo jẹ lórí àre mi nìyí.

Nítorí náà, ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní láti rò, ìlàjà wa ni mo fẹ́ rò ó mọ́. Èmi kò sọ pé ìlàjà àwọn baba wa kò dára. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Baálé ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kánjú. A máa pe ẹni kìíní sí kọ̀rọ̀, a máa pe ẹni kejì, a máa bèèrè ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí ti òní tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti gé e kúrú. A ti sọ ìlàjà di 'ta ni ó jẹ̀bi? Dọ̀bálẹ̀! Ó tán.' Nínú gbogbo àgbà tí ó jókòó ní ọjọ́ náà, kò sí ẹnìkan tí ó bi mí pé, 'Akápò, owó pé, kò sí ẹni tí ó bú ọ, kí ni ó wá dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀?' Kò sì sí ẹni tí ó bi Ará Ọ̀kà pé, 'Kí ni ó mú ọ bèèrè kí a ka owó ọ̀rẹ́ rẹ?' Wọ́n wá ẹlẹ́bi, wọ́n sì rí i. Wọn kò wá ìdí ọ̀rọ̀, a sì gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà padà sílé, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ti àwọn tí ń wí pé sùúrù ni kí a máa ní, kí a gbé ọ̀rọ̀ mì, kí ó bá inú lọ. Òótọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé egungun ẹja mì kò tí ì jẹun, ewu ni ó gbé mì. Mo mọ àwọn olùkọ́ yunifásítì tí yàrá iṣẹ́ wọn kọjú sí ara wọn, tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ mì fún ọdún mẹ́wàá. Wọn kò bú ara wọn rí. Wọ́n ń kí ara wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kan bá kọ àpilẹ̀kọ, èkejì a rí àṣìṣe tí kò sí nínú rẹ̀. Irú sùúrù yìí kì í ṣe baba ìwà. Ìbínú tí ó wọ agbádá ni.

Ẹjọ́ kẹta ni ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wí pé 'n óò fi hàn án.' Bí ọ̀rẹ́ bá ṣẹ̀ yín ní òwúrọ̀, kí ó tó di ọ̀sán ẹ ti gbé e sórí fóònù fún igba ènìyàn láti kà. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú, ìdájọ́ ni ẹ ń wá, ẹ sì ti yan àwọn adájọ́ tí wọn yóò dá yín láre kí ẹ tó rojọ́. A mọ ibi tí irú ọ̀nà yìí máa ń já sí ní àwọn yunifásítì wa, níbi tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń sọ èébú kan di òkú ọmọ kan. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi kí a kú kọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ti ṣe là. Ní ọdún 2016, mo rán ọmọkùnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, kí ó lọ ra búrẹ́dì wá. Nígbà tí ó dé, mo ní kí ó mú ṣéńjì wá kí a kà á. Ọmọ náà ju owó sílẹ̀, omi lé sí i lójú, ó ní, 'Bàbá, ṣé olè ni mí?'

Mo dúró bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi. N kò kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn rí, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé àga sí ìta, mo jókòó, mo sì bi ara mi ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti ọdún méje wá: kí ni ó wà nínú 'ẹ jẹ́ kí a kà á' tí ó fi ń sun mí nínú bí iná?

Ìdáhùn kò pẹ́ kí ó tó dé, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kó kòkó lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tí ń rà á, wọ́n sì ní ó fi òkúta kún un kí ó lè wúwo lórí ìwọ̀n. Wọ́n da àpò náà sílẹ̀ lójú ọjà, wọ́n ń ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ayé ń wò. Wọn kò rí òkúta kankan. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kúnlẹ̀, ó ń kó kòkó rẹ̀ padà sínú àpò, èmi ọmọ rẹ̀ dúró tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń gbọ̀n. Nígbà tí Ará Ọ̀kà ní kí a ka owó, owó kọ́ ni mo rí lórí tábìlì náà; àpò kòkó bàbá mi ni. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ni mo bá jà. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ti lọ, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀rẹ́ mi ni ó kàn bọ́ sí ibi tí wọ́n dúró sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ èdè Yorùbá, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan tí à ń lò lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ wá, a kì í sọ pé ẹni náà ni ó bí wa. 'Inú bí mi' ni à ń wí. Èmi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè yóò ṣe tú ọ̀rọ̀ náà, eré ni mo fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n eré náà ní ọgbọ́n nínú. Inú ni a dárúkọ, a kò dárúkọ ọ̀tá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ mí lè jẹ́ agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n inú tèmi ni oyún náà wà. Bí mo bá ń na agbẹ̀bí, ta ni yóò tọ́jú ọmọ?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni mo gbé wá. Ní ọdún 1979, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Jon Kabat-Zinn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn ní ilé-ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́, kí a máa kíyè sí èémí àti èrò ọkàn ẹni láìbá a jà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti tàn ká ayé. Ó dára. Ṣùgbọ́n òun náà kò dá a sílẹ̀, inú ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni ó ti mú un. Àwa náà sì ní tiwa. Bí ìbínú bá dé sí ọmọ Yorùbá, kí ni ìyá rẹ̀ máa ń wí fún un? 'Fara balẹ̀.' Kò ní kí ó gbé e mì, kò sì ní kí ó pa á mọ́. Ó ní kí ó fi ara rẹ̀ lé ilẹ̀ ná. A ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ti pa tì.

Mo lọ sí Ọ̀kà ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Ní oríta Àkùngbá ẹsẹ̀ mi fẹ́ ṣe bí ó ti ṣe ní 2013, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún awakọ̀ pé Ìwárò ni mò ń lọ, mo sì ti san owó ọkọ̀. Ẹ má retí pé ọ̀rẹ́ mi sáré wá dì mọ́ mi. Ó jáde, ó wò mí, ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, sà.' Èmi tí ó máa ń sọ 'ìwọ' fún, tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan! 'Ẹ' yẹn wúwo ju èébú lọ. Ó fún mi ní omi. Ó fi mí sílẹ̀ ní pálọ̀ títí omi náà fi tán. Nígbà tí ó padà, n kò rojọ́. Mo ní kí ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un ohun tí mo ṣe ní oríta, tí mo sì sọ ti àpò kòkó.

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ tirẹ̀. Ọdún kan kí ìjà wa tó ṣẹlẹ̀, ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ pòórá; kò mú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ní kí ó bá wọn san án, ó sì ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kan láti san án. Láti ìgbà náà ni ó ti búra pé kò ní jókòó níbi ìpàdé tí wọn kò ti ka owó. Ó ní, 'N kò fura sí ọ. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ fún ọ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú ìpàdé.' Ẹ kíyè sí i pé ó ti padà sí 'ọ'. Nígbà tí a ó fi padà délé, wọ́n ti ń gún iyán.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó gún un. Iyán náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè mú ti ìyá rẹ̀ padà wá. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọgbọ́n tí ó pẹ́ dé máa ń san gbèsè tán.

Ní ọdún 1925, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Parker Follett, sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìjà tí yóò mú èrè wá. Ó ní òun jókòó nínú yàrá ìkàwé kan ní Harvard, ẹnìkan fẹ́ kí fèrèsé ṣí, òun fẹ́ kí ó tì. Wọ́n kò bá ara wọn jà, ọ̀kan kò sì fi ìbànújẹ́ gbà fún èkejì; wọ́n ṣí fèrèsé yàrá kejì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ẹni kìíní kò fẹ́ fèrèsé, atẹ́gùn ni ó fẹ́. Follett pàápàá kò kórìíra atẹ́gùn, kò kàn fẹ́ kí ó máa fẹ́ lù ú tààrà ni. Obìnrin náà ní ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà yanjú ìjà: kí ọ̀kan borí èkejì, kí oníkálukú fi díẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí a wá ibi tí ohun tí ẹni méjèèjì ń fẹ́ gan-an ti lè wà pọ̀. Ẹ fi èyí wo ìjà tiwa. Ará Ọ̀kà fẹ́ ààbò, èmi fẹ́ iyì. Bí ẹnìkan bá ti bi wá ní ọjọ́ náà, kì bá gba ju kí a fi sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ akápò, a ó máa ka owó níṣojú rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Òun ìbá ní ààbò rẹ̀, èmi ìbá ní iyì mi. Fèrèsé yàrá kejì wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, a kò wo apá ibẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì kò tó ohun tí à ń fi ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ jà sí. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà fúnra wọn. Àríyànjiyàn lórí ipò láàrin Olúkàrẹ́ àti Ọwá Àlè ti pẹ́ ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó ti wọ ilé-ẹjọ́, ó ti dé iwájú ìjọba. Ní Ọ̀kà pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ipò ti wáyé láàrin Olúbàkà àti Aṣín. Èmi kò ní sọ ẹni tí ó jàre, kì í ṣe iṣẹ́ mi, àwọn ọba wa kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí àwa ọmọ ìlú ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2023, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ nígbà àríyá ọdún tuntun, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe òfin kónílé-ó-gbélé fún ìlú náà tọ̀sán-tòru. Ọdún tuntun ni o! Ìgbà tí ó yẹ kí àwọn tí ó ti ìdálẹ̀ wálé máa ṣeré, inú ilé ni a há wọn mọ́.

Ọba kọ́ ni ó ń ju òkúta ní òpópónà, àwa ni. Ọwọ́ tí ó sì ju òkúta ní ọjọ́ náà ti ní èébú tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò kí i níbi ìgbéyàwó, ẹni tí ó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín ní ilé-ìwé. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé orí ìjà ìlú, nítorí ìjà ìlú ní orúkọ, ó sì ní iyì. Ṣé ẹ rántí pé èmi olùkọ́, tí mo kàwé, mo fi ìjà ipò ìlú méjì bo àpò kòkó bàbá mi mọ́lẹ̀ nínú yàrá olùkọ́? Bí èmi bá lè ṣe é, kí ni kí a retí lọ́wọ́ ọmọ tí kò ríṣẹ́ ṣe, tí ọtí wà lójú rẹ̀? Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá mọ inú ara wọn, ẹnikẹ́ni lè yá inú wọn lò.

Ìbéèrè kan kù tí n kò gbọdọ̀ sá fún. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ńkọ́? Ṣé kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù jókòó máa wádìí inú ara rẹ̀? Ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kan ń fi máàkì halẹ̀ mọ́ máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi kún un? Rárá o! Ìyẹn kì í ṣe ìjà, ìyà ni. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, kí ó kọ́kọ́ jáde kúrò lábẹ́ ọ̀pá, kí ó pariwo, kí ó ké sí òfin, kí àwa tí a gbọ́ sì dìde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ mi yìí pa aláìlágbára lẹ́nu mọ́, irọ́ ni ó pa mọ́ mi. Ìjà tí mo ń sọ ni ti ẹni méjì tí wọ́n lè wo ojú ara wọn: ọ̀rẹ́ méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, olùkọ́ méjì nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú yàrá kan. Irú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù láyé wa, irú rẹ̀ ni a sì ń fi ṣòfò jù.

Kí ni kí a máa ṣe nígbà náà? Èmi kò ní oògùn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni mò ń bi ara mi nísinsìnyí, kí n tó ya ẹnu. Èkíní: kí ni ẹni yìí sọ gan-an, yàtọ̀ sí ohun tí mo gbọ́? 'Ẹ jẹ́ kí a kà á' ni ọ̀rẹ́ mi sọ, 'olè' ni mo gbọ́. Èkejì: níbo ni ó ti dùn mí rí? Bí ìrora bá tóbi ju ọgbẹ́ lọ, a jẹ́ pé ọgbẹ́ àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta: kí ni ẹni yìí ń bẹ̀rù? Èyí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ìbínú kì í jẹ́ kí a rántí pé ọ̀tá ẹni pẹ̀lú ní ẹ̀rù. Ẹni tí ó bá bi ara rẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣì jà. Èmi náà ṣì ń jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níwájú mi ni mo ń bá jà, n kò bá òkú jà mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà mìíràn tí wọ́n bá pè yín láti làjà, ẹ má kánjú bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ bèèrè ohun tí ó dun oníkálukú, kí ẹ sì fi ara balẹ̀ dúró de ìdáhùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gun mọ́tò gba oríta Àkùngbá kọjá lójoojúmọ́, mo bẹ̀ yín, bí ọ̀rẹ́ kan bá wà ní òkè ọ̀hún tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ẹ̀yin ni ẹ jàre, ẹ lọ kí ìyá rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Àre kì í gún iyán.